Ìyá Tí Mo Kúnlẹ̀ Kí

Ara ti ń fu mí sí ilé ìkóhun-ìṣẹ̀ǹbáyé-sí yẹn látọjọ́ tí wọ́n ti kó àwa olùkọ́ lọ sí Jámánì. A lọ kọ́ bí a ṣe ń fi àwọn nǹkan àtijọ́ kọ́ ọmọ lẹ́kọ̀ọ́. Wọ́n ní kí kálukú mú ohun kan, kó jókòó tì í, kó sì ròyìn rẹ̀. Èmi mú ère obìnrin kan tó kúnlẹ̀ nínú àpótí gíláàsì, tí wọ́n gbé wá láti Èkìtì wa.

Nírọ̀lẹ́, mo padà wá mú ṣálì tí mo gbàgbé. Ère náà ò sí níbẹ̀ mọ́, bẹ́ẹ̀ àpótí ṣì wà ní títì. Òórùn osùn gba gbogbo yàrá.

Ìyá àgbà kan jókòó sórí àga ẹ̀ṣọ́, láìwọ bàtà nínú òtútù yẹn. Ṣálì mi wà léjìká rẹ̀. Mi ò fọkàn tán an rárá, àmọ́ orúnkún mi ò bi mí léèrè kó tó kanlẹ̀.

"Ẹ kú ìkàlẹ̀, mà."

Mò ń retí kó ní kí n dìde. Kò sọ ọ́. Òun ló rọra dìde, orúnkún rẹ̀ ń dún bí igi gbígbẹ.

"O ṣeun, ọmọ mi. Ó ti rẹ̀ mí tipẹ́."

Ó jáde. Mo fẹ́ dìde, ẹsẹ̀ mi ò gbé.

Mojoyin, olùkọ́ ẹgbẹ́ mi, pè láti ìsàlẹ̀: "Ìbídùn, ṣó o ti rí ṣálì ẹ?"

Mo lanu, mi ò lè sọ̀rọ̀. Ohùn mi dáhùn láti ọ̀dẹ̀dẹ̀:

"Mo ti rí i. Mò ń bọ̀."