Àwòrán Tó Ń Pẹ́ Dé

Àwòrán náà tún ti há. Lórí tẹlifíṣọ̀n, àwọn tó gbé pósí dúró sójú kan, ẹsẹ̀ ẹnìkan ṣì wà lókè. Ọmọ tó yẹ kó sin bàbá arúgbó tó ń wò ó láti ilé ni wọ́n gbé yìí, lókè òkun, níbi tí orúnkún tó ń dun bàbá náà kò lè gbé e dé. Bàbá náà jókòó, omi ò jáde lójú rẹ̀.

Oníṣẹ́ ẹ̀rọ tó wá bá a tún un ṣe ń tẹ rìmóòtù. "Ẹ má bínú, Bàbá. Àyè tó fi ń kó àwòrán pamọ́ ló kéré. Mo ti fẹ̀ ẹ́. Á kọ́kọ́ kó o jọ kó tó gbé e jáde, kò ní há mọ́. Àmọ́ yóò máa fi ìṣẹ́jú mélòó kan pẹ́ sí tiwọn lọ́hùn-ún."

"Ó dáa."

Nígbà tó yá, àwọn agbépósí gbẹ́sẹ̀, wọ́n ń lọ láìdúró. Fóònù bàbá náà dún. Ọmọ rẹ̀ obìnrin ló ń pè láti ibi ìsìnkú.

"Dádì, ẹ pẹ̀lẹ́. Wọ́n ti gbé bọ̀ọ̀dá wọlẹ̀."

Bàbá náà wo tẹlifíṣọ̀n. Pósí ṣì wà léjìká wọn.

"Dúró ná, ọmọ mi," ló wí. "Kò tíì débẹ̀ lọ́dọ̀ tèmi."