Wọ́n Ń Wá Eegun Yẹ̀kínì

Ọjọ́ Mọ́ńdé ni katakata ń bọ̀ wá wó ilé wọn ní Ìsàlẹ̀ Èkó. Ní Ọjọ́bọ̀, Ṣàíbù àti Jíbrílù, ọmọ Àṣàbí méjèèjì, gbé ṣọ́bìrì wọlé láti hú eegun bàbá wọn. Ìjọba ti fún wọn ní ilé tuntun ní Sùúrùlérè, wọn kò sì fẹ́ fi bàbá sílẹ̀ fún katakata.

Àṣàbí jókòó sẹ́nu ọ̀nà, ó ń ṣa ẹ̀wà. Òun ló mọ ọjọ́ tí wọ́n bí olúkúlùkù nínú agbo ilé náà, òun ló mọ ibi tí wọ́n ri ìwọ́ ọmọ kọ̀ọ̀kan mọ́. Ṣùgbọ́n ó ní òun kò rántí ibi tí wọ́n tẹ́ ọkọ òun sí.

“Yàrá ẹ̀yìn méjì yìí náà ni,” ó ní. “Ọ̀kan nínú wọn.”

Ó ti di ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n. Wọ́n ní omi ló gbé Yẹ̀kínì lọ. Wọ́n ní nígbà tí wọ́n rí òkú náà, ó ti wú, kò ṣeé ṣí lójú fún ẹnikẹ́ni. Ìjọba ò fẹ́ sísin òkú sínú ilé mọ́ nígbà náà, nítorí náà Àṣàbí àti àbúrò rẹ̀, Sùlè, sin ín láìpariwo, wọn kò sàmì sí i. Sùlè náà ti kú.

Mẹkáníìkì ni Jíbrílù ní Ọbáléndé. Ó fi gìgísẹ̀ lu ilẹ̀, ó dẹtí, ibi tó bá ti dún kòròfo ló ń gbẹ́. Ṣàíbù ń bá àwọn tó ń wọn ilẹ̀ fún ìjọba ṣiṣẹ́. Ó kan èèkàn, ó ta okùn, ó pín yàrá méjèèjì sí ogójì ojú, ó sì ń gbẹ́ wọn lẹ́sẹẹsẹ.

“Bọ̀ọ̀dá mi, ṣé ilé lẹ fẹ́ kọ́ ni, àbí bàbá lẹ ń wá?”

“Ihò eku nìwọ ń gbẹ́ ní tìrẹ. Ibo lo ti gbẹ́ láàárọ̀? O mọ̀ ọ́n?”

“Ọwọ́ mi mọ̀ ọ́n. Bí ẹ́ńjìnnì bá kọ̀, mi ò kì í kàwé sí i létí.”

“Abájọ tí mọ́tò àwọn oníbàárà rẹ fi ń padà wá lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀.”

Jíbrílù rẹ́rìn-ín. Àṣàbí kò rẹ́rìn-ín.

Nígbà tó fi di Sátidé, Jíbrílù ti gbẹ́ ihò mọ́kànlá; ẹ̀ẹ̀mejì ló gbẹ́ ọ̀kan nínú wọn láìmọ̀. Ó fi ihò tirẹ̀ sílẹ̀, ó bọ́ sínú okùn ẹ̀gbọ́n rẹ̀, àwọn méjèèjì sì jọ ń gbẹ́. Ní ìrọ̀lẹ́ Sáńdè, ní ojú kejìdínlógójì, ilẹ̀ rọ̀. Erùpẹ̀ ibẹ̀ dúdú, ó gùn tó èèyàn. Wọ́n fi ọwọ́ wà á títí wọ́n fi kan ilẹ̀ líle. Wọn kò rí eegun kankan.

“Eyín ńkọ́?” Ṣàíbù ní. “Eyín kì í tètè jẹrà, Màmá.”

Àṣàbí dìde, ó wo inú kòtò náà fún ìgbà díẹ̀.

“Ibẹ̀ ni. Omi abẹ́ ilẹ̀ ti jẹ ìyókù. Ẹ bu erùpẹ̀ ẹ̀ sínú aṣọ.”

Wọ́n bù ú sínú aṣọ funfun. Jíbrílù ń sunkún. Ní Sùúrùlérè, àfáà ṣàdúà, wọ́n sì sin erùpẹ̀ náà.

“Opó bíi tiyín ò wọ́pọ̀ mọ́, Ìyá Ṣàíbù,” ni Hàwáwù aládùúgbò wọn wí.

“Ẹ ṣeun,” ni Àṣàbí dáhùn.

Lọ́jọ́ kẹta, Àṣàbí fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ lẹ́tà sí Yẹ̀kínì ní Kúmásì, níbi tó bá obìnrin mìíràn sá lọ láti ọdún 1931, pé kó yéé bẹ̀bẹ̀ láti wálé, nítorí ìtì ọ̀gẹ̀dẹ̀ tí òun àti Sùlè fi aṣọ òkú wé ti jẹrà tán, àwọn ọmọ sì ti tún un sin.