Ahọ́n Ìlú

Ìyàwó rẹ̀ gbé ife wàrà sún mọ́ imú ara rẹ̀, ó ní, "Ó ṣì dáa," ó sì gbé e fún un. Ọkọ rẹ̀ mu ún lórí ìdúró, kò dúpẹ́. Fìlà rẹ̀ ló ń wá kiri. "Ahọ́n Ìlú" ni wọ́n fi òwú pupa kọ síwájú fìlà náà, orúkọ tí àwọn olóúnjẹ inú odi àtijọ́ sọ ọ́ láti ogún ọdún tó ti ń mú àlejò rìn láti ilé ìdáná kan dé òmíràn.

"Òní ni o," ni ìyàwó náà wí.

"Mo mọ̀."

Ọ̀gá ilé-iṣẹ́ ti sọ ọ́ láìfepo bọyọ̀: amọ̀nà méjì ti pọ̀ jù, ẹnì kan ni yóò kù. Máàkì tí àwọn àlejò bá kọ sínú ìwé lẹ́yìn ìrìn ni yóò yanjú ẹ̀. Òun àti obìnrin tó jẹ́ amọ̀nà kejì ṣe déédéé di àná. Àwọn àlejò òní ló kù, bí iṣẹ́ náà bá sì bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, kò mọ òmíràn tí ẹni àádọ́ta ọdún lè bẹ̀rẹ̀.

Ó kórìíra obìnrin yẹn dénú. Bí àlejò bá ń jẹ, á máa jẹ. Bí wọ́n bá ń lá ìka, á lá tiẹ̀. "Amọ̀nà tó ń bá àlejò du egungun," ló máa ń wí, "kí ni ìyàtọ̀ òun àti ajá?" Òun kì í fi oúnjẹ kan ẹnu lẹ́nu iṣẹ́. Iyì amọ̀nà nìyẹn, ó ní.

Àwọn àlejò mẹ́jọ ló ń dúró dè é lẹ́nu ibodè. Ó wò wọ́n láti bàtà dé orí, kò sí ẹyọ kan tó wù ú níbẹ̀. Àlejò lójú, kò fi ríran. Tàwọn wọ̀nyí tún burú jù bẹ́ẹ̀ lọ, wọ́n lẹ́nu, wọn ò fi mọ adùn.

"Ẹ káàbọ̀, ẹ̀yin èèyàn pàtàkì," ló wí, ó sì rẹ́rìn-ín.

Ọ̀dọ̀ ìyá ọlọ́bẹ̀ ẹja ni wọ́n kọ́kọ́ yà sí, yàrá tóóró kan tí èéfín ti sọ àjà rẹ̀ di dúdú.

"Ẹ tọ́ ọ wò ná, kẹ́ ẹ sọ ohun tẹ́ ẹ rí níbẹ̀ fún mi."

Ojú lọ̀rọ̀ wà. Ó ń wo ojú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Obìnrin onígíláàsì kan fún ojú pọ̀, ó ní ó kan díẹ̀. Ọkọ rẹ̀ ní ata ẹ̀ pẹ́ kó tó dé, ṣùgbọ́n nígbà tó dé, ó dé. Amọ̀nà wá tú ìtàn sílẹ̀, bí ọsàn wẹ́wẹ́ ṣe ń wọ ìkòkò ṣáájú ẹja, àti ìdí tí ata fi ń wọ̀ ọ́ gbẹ̀yìn. Wọ́n lanu sílẹ̀. Ohun tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹnu ara wọn sọ ló dá padà fún wọn, wọ́n sì ń kọ ọ́ sílẹ̀ bí ẹni tó rí ìṣúra. Òpè pọ̀ láyé.

"Ahọ́n Ìlú," ìyá ọlọ́bẹ̀ na ṣíbí sí i, "ẹ bá mi tọ́ eléyìí wò, ṣé iyọ̀ ẹ̀ tó?"

Ó pòṣé. "Ìyá, pẹ̀lú gbogbo ọdún tẹ́ ẹ ti lò nídìí ìkòkò, ẹ ò tíì mọ iyọ̀ í bù?" Ó gba ṣíbí náà, ó nà án sí obìnrin onígíláàsì. "Ẹ jẹ́ ká bi onílàákàyè."

Bàbá arúgbó kan tó wọ kóòtù aláwọ̀ eérú ló fẹ́ ba ọjọ́ náà jẹ́. Ó ń jẹ gbogbo ohun tí wọ́n gbé síwájú rẹ̀, ṣùgbọ́n ojú kan náà ló fi ń jẹ ẹ́.

"Bàbá, ẹ̀yin ń kọ́? Kí lẹ rí sí ọbẹ̀ wa?"

"Ó gbóná."

Nílé ẹlẹ́ran sísun, ó ní ó rọ̀. Nílé olóyin, ó ní ó ń lẹ̀ mọ́ eyín.

"Ẹ̀yin ará, ẹ gbà mí o," ni amọ̀nà wí. "Pákó ni Ọlọ́run fi sí ẹnu bàbá yìí!"

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Bàbá náà bá wọn rẹ́rìn-ín, ó sì ń wò ó. Irú ojú tí kì í sọ nǹkan kan báyìí lè kọ òdo sínú ìwé, òdo kan ṣoṣo sì ti tó láti gbé iṣẹ́ náà fún alájẹkì yẹn.

Nílé oníbúrẹ́dì, ó kọ ẹ̀yìn sí ààrò, ó ń sọ ìtàn bíríkì tí wọ́n fi mọ ọ́. Ó sọ ọ́ débi tó dùn jù, ni ojú àwọn àlejò bá kúrò lára rẹ̀.

"Nǹkan ń jó o!" ni obìnrin onígíláàsì kígbe.

Àwọn méje ti fọwọ́ bo imú. Ìgbà tó rí ọwọ́ wọn ni òun náà yíjú padà. Oníbúrẹ́dì ti ń sáré fa páànù búrẹ́dì dúdú jáde. Bàbá oníkóòtù nìkan ni kò fọwọ́ kan imú, kò sì wo ààrò. Amọ̀nà ló ń wò.

"Háà, bàbá! Ṣé imú náà ti bá ahọ́n lọ ni?"

Ẹ̀rín sọ gbà. Bàbá náà kàn mi orí, ó sì sún mọ́ ògiri kí ọ̀nà lè gba àwọn tó kù.

Wọ́n padà sẹ́nu ibodè, ó pín ìwé. Àwọn méje kọ tiwọn kíákíá, wọ́n dúpẹ́, wọ́n lọ. Bàbá náà fara ti odi, ó kọ tirẹ̀ pẹ́. Ó ká a sí mẹ́rin, ó tẹ̀ ẹ́ mọ́ amọ̀nà lọ́wọ́, kò sì tètè fi ọwọ́ náà sílẹ̀.

"O ṣeun, ọmọ mi. O mọ iṣẹ́ ẹ."

"Ẹ ṣé, bàbá," ló wí, ó sì ń bú u nínú. Ó dúró títí kóòtù eérú náà fi yà ní ìkòríta, kó tó tú ìwé náà wò. Mẹ́wàá nínú mẹ́wàá ló wà lórí gbogbo ìlà. Inú rẹ̀ dùn, ó fẹ́ rẹ́rìn-ín sí arúgbó olórí òfìfo yìí, kó tó rí i pé ó kọ nǹkan sísàlẹ̀.

"Ahọ́n tèmi kú lọ́dún méje sẹ́yìn, imú sì bá a lọ, ìyàwó mi ló ń bá mi gbóòórùn wàrà láàárọ̀ kí n tó mu ún, ìwọ ń kọ́, ọmọ mi, ta ló ń bá ọ gbóòórùn tìrẹ?"