Ìrántí Kọ́púrà Àjàgbé

Bí aago méjìlá ọ̀sán bá ti lù, ìrántí Kọ́púrà Àjàgbé yóò parẹ́. Òfin ilé ìkàwé àwọn ológun, níbi tí wọ́n ti ń yá akẹ́kọ̀ọ́ ní ìrántí àwọn ọmọ ogun àtijọ́, ni: ìrántí tí ẹnikẹ́ni kò bá yá fún ọgbọ̀n ọdún, pípa ni wọ́n ń pa á rẹ́.

Ẹyọ kan ṣoṣo ni akẹ́kọ̀ọ́ lè yá ní sáà kan. Ti Ọ̀gágun àgbà ni gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ ẹlẹgbẹ́ Mọ́rẹ́nikẹ́ yá, nítorí ìdánwò ọ̀la.

“Ti Kọ́púrà ni mo fẹ́, ọ̀gá,” ni Mọ́rẹ́nikẹ́ wí.

Sájẹ́ǹtì Adúràgbèmí, olùtọ́jú ìwé, wò ó. “Ṣé Kọ́púrà ni yóò bá ọ ṣèdánwò? Bí o bá fìdí rẹmi, má wá sunkún níbí o.”

“Ẹ̀mí èèyàn kì í ṣe ohun à-fi-ṣòfò, ọ̀gá.”

Ó dé akoto ìrántí sórí. Kíá, oòrùn aginjù bò ó. Ọmọ ogun mẹ́jọ dùbúlẹ̀ yí i ká, ìgò omi kan ló sì kù. Ọwọ́ tí kì í ṣe tirẹ̀ ń gbé ìgò náà láti ẹnu dé ẹnu. Nígbà tí yóò fi kan Kọ́púrà, ìgò ti gbẹ. Ó rẹ́rìn-ín. “Ẹ dìde, ẹ jẹ́ ká máa lọ.”

Aago lù. Mọ́rẹ́nikẹ́ ṣí akoto, ọ̀fun rẹ̀ gbẹ táútáú. Sájẹ́ǹtì gbé ife omi fún un. “Ó tún di ọgbọ̀n ọdún míì. Mumi.”

Mọ́rẹ́nikẹ́ gba ife náà, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ rẹ̀ gbé e lọ sọ́dọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ tó jókòó lẹ́bàá fèrèsé. Ó gbé omi náà sí i lẹ́nu, ó sì kọjá sọ́dọ̀ ẹni kejì.

Sájẹ́ǹtì nàró ṣánṣán, ó gbé ọwọ́ síwájú orí.

“Kọ́púrà, ẹ káàbọ̀.”