Àjèjì Tó Yẹ Iṣẹ́ Àdúrà Wò

Àyà Àdúràolúwa ń já.

Ó ti ṣí inú ètò kọ̀ǹpútà tó kọ, tí ìjọba fi ń pín oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru fáwọn àgbà àdúgbò Bẹẹrẹ sílẹ̀ fún gbogbo ayé, kí wọ́n lè bá a tún un ṣe.

Ọ̀gá rẹ̀ níbi iṣẹ́ ti ní: "Tó bá bàjẹ́, máa lọlé ẹ!"

Fóònù dún. Àjèjì kan tó yẹ ètò náà wò ló kọ̀wé sí i.

Màmá rẹ̀ ń kọrin lórí àga. Ijó nìkan ni kò jó mọ́.

Àdúrà kà á sókè: "Ètò yín ń ka àwọn tórúkọ àti ọjọ́ ìbí wọn dọ́gba sí ẹnì kan. Ó ń yọ ìyókù dànù."

Màmá dá orin dúró, ó yíjú sí i:

"Àwa tá a ń jẹ́ Rachel pọ̀ níbí, ọmọ mi. Jánúárì kìíní ni wọ́n kọ fún gbogbo àwa tá ò mọjọ́ ìbí wa.

Oṣù mẹ́ta rèé tí mi ò rí oògùn gbà."