Láàfin, Kò Sí “Kò Sí”

Òjò àkọ́rọ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ rọ̀ ní Ìlọ́fà ni Olóyè Fàósátù wọ ṣọ́ọ̀bù Naimat, ó bọ́ fìlà, ó ní iṣẹ́ kan wà láàfin ìlú àwọn tí òun fẹ́ kó bá àwọn ṣe.

Iṣẹ́ Naimat ni kó máa kọ ètò orí kọ̀ǹpútà tí ètò mìíràn lè bi léèrè ọ̀rọ̀, kó sì dáhùn. API ni àwọn akẹgbẹ́ rẹ̀ ń pè é, èdè kọ̀ǹpútà tó ń jẹ́ Páítọ́ọ̀nù ló sì fi ń kọ ọ́. Ó ní àwọn ègé ètò kéékèèké kan tó ti kọ tipẹ́, tó máa ń lò fún iṣẹ́ gbogbo: ọ̀kan ń yẹ ìbéèrè wò bóyá ó pé, ọ̀kan ń to ìdáhùn, ọ̀kan ń dáhùn dípò ẹni tó bá pẹ́ kó tó fèsì. Ìránṣẹ́ ló ń pè wọ́n.

Fàósátù ní àwọn ọmọ ìlú tó wà l'Ékòó àti Àbújá kò jẹ́ kí àfin gbádùn. Wọ́n ń pè láàárọ̀, wọ́n ń pè nírọ̀lẹ́, gbogbo wọn fẹ́ kí Kábíyèsí. Ẹgbẹ́ wọn ti ní áàpù kan lórí fóònù. Òun fẹ́ kí ìkíni wọn máa gba ibẹ̀ wọlé, kí àfin sì máa gba ibẹ̀ dáhùn.

Naimat ní òun á ṣe é. Ohun kan ṣoṣo ló béèrè: kí wọ́n jẹ́ kí òun rí Kábíyèsí lójúkojú nítorí bàbá òun.

Ọ̀rọ̀ bàbá rẹ̀ kì í ṣe àjèjì sí Fàósátù. Bẹ́ǹṣì kan náà ni òun àti Abíọ́nà, bàbá Naimat, jókòó sí nílé ìwé. Ìlú wọn kò jìnnà, lẹ́yìn Ìdófin díẹ̀ ni, ṣùgbọ́n ó ti pẹ́ tí Abíọ́nà ti débẹ̀ kẹ́yìn. Ẹyin lohùn. Ní ìpàdé ìlú kan, ó dìde níwájú tọmọdé tàgbà, ó ní, “Kábíyèsí, irọ́ lẹ pa.” Irọ́ ni ọba pa lóòótọ́, ìyẹn ló sì bá ọ̀rọ̀ náà jẹ́. Ọba ní ẹsẹ̀ rẹ̀ kò gbọdọ̀ tẹ ilẹ̀ ìlú mọ́, àfi lọ́jọ́ tí òun bá fi ẹnu ara òun pè é. Ní báyìí, àìsàn ti dá Abíọ́nà gúnlẹ̀ sínú yàrá tó háyà ní Ìlọ́fà, kò sì wí nǹkan mìíràn ju pé òun fẹ́ sùn nílé bàbá òun kí òun tó kú. Bó bá ti wí i, omi a lé sójú Naimat.

“Parí uṣẹ́ náà ná, ọmọ mi,” ni Fàósátù fi ẹ̀ka èdè ìlú wọn wí.

Naimat bá ń gbé kọ̀ǹpútà rẹ̀ lọ sí àfin. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ tó kọjú sí yàrá Kábíyèsí ni wọ́n fún un. Bó bá dé, a kúnlẹ̀ sí ilẹ̀kùn tó wà ní títì, a ní, “Kábíyèsí o!” Fàósátù a dáhùn pé, “Kábíyèsí gbọ́.” Lọ́sàn-án, Fàósátù a fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbé oúnjẹ wọlé, nígbà tó bá yá, a gbé àwo òfìfo jáde. Ó ní ẹsẹ̀ ló ń dun Kábíyèsí, àmọ́ wọ́n ń jẹun dáadáa. Inú Naimat dùn láti gbọ́ bẹ́ẹ̀. Fàósátù náà ń sanra sí i. Ó jọ pé àfin bá a lára mu.

Òun ló ń pe ìdáhùn, tí Naimat ń kọ: “Kábíyèsí gbọ́ ìkíni yín.” “Kábíyèsí ń sinmi.” “Ẹ tún padà wá kí wọn.”

“Bí ohun tí wọ́n béèrè kò bá sí ńkọ́, bàbá?” ni Naimat bi í. “Ètò gbọ́dọ̀ lè sọ pé, ‘Kò sí.’ Bí gbogbo ayé ṣe ń ṣe é nìyẹn, sà.”

“Gbogbo ayé kọ́ ní í jẹ́ àfin. Láàfin, kò sí ‘kò sí’. Yọ ọ́.”

Naimat yọ ọ́.

Iṣẹ́ parí, ó sì dára. Fóònù àfin dákẹ́, àwọn ará Èkó ń dúpẹ́ pé Kábíyèsí kì í pẹ́ dá àwọn lóhùn mọ́. Ṣùgbọ́n nígbà tó kan ọ̀rọ̀ Naimat, Fàósátù bẹ̀rẹ̀ sí í fòní dónìí, fọ̀la dọ́la. Lónìí, Kábíyèsí sùn. Lọ́la, ẹsẹ̀ tún ti dé. Ó wá yé Naimat pé wọ́n ti rẹ́ òun jẹ. Inú bí i débi pé ó gba orí áàpù wọlé bí ará Èkó, ó kọ ọ́ pé: “Ọmọ Abíọ́nà ni mí. Mo bẹ Kábíyèsí, ẹ jẹ́ kí bàbá mi wá sílé.”

Kíá ni ìdáhùn dé: “Kábíyèsí gbọ́ ìkíni yín.” Ìránṣẹ́ tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ́ ló ń dá a lóhùn. Naimat pòṣé.

Kó tó di ìrọ̀lẹ́, ìdáhùn mìíràn dé: “Kí Abíọ́nà máa bọ̀ n'úlé.”

Ó tú gbogbo ètò náà wò láti òkè délẹ̀. Kò sí ìránṣẹ́ kankan tó mọ gbólóhùn yẹn. Ẹnì kan láàfin ló fi ọwọ́ tẹ̀ ẹ́. Nígbà tó dá a lójú pé Kábíyèsí ló sọ̀rọ̀, nítorí kò sí ẹlòmíràn tó lè pe bàbá rẹ̀ padà, ó bú sẹ́kún, ó sáré lọ bá bàbá rẹ̀.

Wọ́n gbé Abíọ́nà dé ìlú ní ọ̀sán gangan. Àwọn àgbà ka ohun tó wà lójú fóònù, ẹnikẹ́ni kò sì jiyàn. Ta ni yóò ní ọba kò sọ ohun tí ọba sọ? Abíọ́nà sùn nílé bàbá rẹ̀. Lọ́jọ́ kejì, Fàósátù gbé iyán wá, àwọn ọ̀rẹ́ méjèèjì jókòó tì í.

Abíọ́nà bu òkèlè kan, ó dá a dúró. “Fàósátù, ṣé Kábíyèsí fi ẹnu ara wọn sọ ọ́?”

“Abíọ́nà, ṣé o tún fẹ́ pe ẹnì kan ní òpùrọ́ ni?”

Abíọ́nà rẹ́rìn-ín, ó sì gbé òkèlè náà mì.

Ní ọjọ́ ọjà tó tẹ̀ lé e, agogo dún yí ìlú ká, wọ́n sì kéde pé Kábíyèsí ti wàjà láti ìgbà ọyẹ́, kí òjò àkọ́rọ̀ tó rọ̀, kí Fàósátù tó bọ́ fìlà wọ ṣọ́ọ̀bù Naimat.