Yàrá Tó Fi Pamọ́

"Géèmù mi nìyí! Wọ́n jí i!"

Aṣegéèmù náà fa ohun tí wọ́n fi ń darí géèmù mọ́ra lórí tábìlì ilé-iṣẹ́ kan níbi ìpàtẹ géèmù ní Tunis. Ọdún mẹ́ta ló fi ya ilé ìyá rẹ̀ àgbà sínú géèmù tí kò tíì gbé jáde: èèyàn á máa sún yàrá kiri títí ọ̀nà á fi là fún ọmọdé inú rẹ̀ láti fò kọjá.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ rọra," ni Hedi àbúrò rẹ̀ wí. Òdòdó jasimínì tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ fi há a létí láàárọ̀ gẹ́gẹ́ bí àmì ìfẹ́ ṣì ń ta sánsán. "Èmi ò mọ géèmù ta o, àmọ́ ilé a máa jọ ilé."

"Yàrá kan wà tí mo fi pamọ́ sínú tèmi. Ẹnikẹ́ni ò rí i rí. Bó bá wà níbí, olè ni wọ́n."

Ó bẹ̀rẹ̀ sí í sún yàrá kiri. Ọmọdé náà já bọ́ lẹ́ẹ̀mẹta, àwọn èrò ẹ̀yìn wọn sì ń rẹ́rìn-ín.

Ara Hedi ò gbà á mọ́. "Áà! Ilé ìdáná lẹ máa kọ́kọ́ sún gun òrùlé!"

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ sún un. Yàrá tó fi pamọ́ náà ṣí, igi ọsàn wẹ́wẹ́ ìyá àgbà sì dúró láàárín rẹ̀.

Aṣegéèmù kò wo géèmù náà mọ́; àbúrò rẹ̀ tó ní òun ò mọ géèmù ta ló ń wò. Ó nawọ́ sí etí àbúrò rẹ̀, ó sì rọra yọ òdòdó náà.